Ìwé Ìjọba Tó Jẹ́ Tiwa: Ohun tí Ará Ìṣẹrì Olówóra Lè Rí Kà ní Ilé Ìkàwé

Ẹni tó bá ń wá ilẹ̀ rà ní Ìṣẹrì Olówóra àti àyíká rẹ̀ yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu éjẹ́ǹtì kó tó gbọ́ iye owó: "Ilẹ̀ wa ní gàsẹ́ẹ̀tì." Wọ́n á fa fótókópì kan yọ tí lẹ́tà rẹ̀ ti ń pa rẹ́, wọ́n á nawọ́ sí orúkọ abúlé kan lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì yí sí owó. Gàsẹ́ẹ̀tì, ìwé ìkéde ìjọba tí wọ́n ṣe fótókópì rẹ̀ yìí, kì í ṣe ìwé àṣírí. Ìjọba tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo ìlú lè kà á ni, ó sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rí odindi rẹ̀ kà kó tó san kọ́bọ̀.

Òfin ti la ibi tó yẹ kírú ìwé bẹ́ẹ̀ wà sílẹ̀. Òfin tó gbé National Library of Nigeria ró, ìyẹn Decree 29 ti ọdún 1970, ní kí atẹ̀wé aládàáni fi ẹ̀dà 3 ìwé tó bá tẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ á fi 10 ránṣẹ́, ti ìjọba àpapọ̀ á fi 25. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe to iye yẹn: bí agbára ẹni lórí ará ìlú bá ṣe pọ̀ tó ni gbèsè ìwé rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Kó tó di ìgbà náà, òfin ọdún 1950 ti ní kí wọ́n máa kó ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ ní Nàìjíríà wá sí ilé ìkàwé University College, Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àkójọ orúkọ àwọn ìwé náà títí National Library fi gbà á ṣe ní 1973.

Fún ará Kòṣọ́fẹ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìṣẹrì Olówóra wà nínú rẹ̀, Yábà ni kí ẹ forí lé. Ẹ̀ka National Library wà ní òpópónà Herbert Macaulay níbẹ̀, ẹni tó bá sì wọ ọkọ̀ Yábà ní Bẹ́gà kò ní wá a tì. Wọn kì í yá ìwé ìjọba gbé lọ sílé. Ibẹ̀ lẹ ó ti kà á, ẹ ó sì kọ èyí tó bá kàn yín sílẹ̀. Ẹ má kàn sọ fún òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pé gàsẹ́ẹ̀tì lẹ ń wá, torí wọn kò lóǹkà. Ẹ mú ọdún, nọ́ńbà àti Vol. rẹ̀ dání.

Vol. yìí wúlò ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Gàsẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1914, ọdún tí Lugard so Gúúsù àti Àríwá pọ̀, iye rẹ̀ sì ń fi ẹyọ kan lé lọ́dọọdún. Vol. 96 ni ti 2009, Vol. 98 ni ti 2011. Ẹ yọ 1913 kúrò nínú ọdún tó wà lórí ìwé náà. Bí ohun tó kù kò bá bá Vol. rẹ̀ mu, ẹ bi ẹni tó gbé e wá léèrè dáadáa. Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ní gàsẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ àti òǹkà tirẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ti àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ ló wà lọ́wọ́ yín.

Ti ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ máa ń wà nínú rẹ̀. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà rẹ̀, ìjọba Èkó sì ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ tó pọ̀. Nígbà tó bá yọ apá kan sílẹ̀ fún àwọn tó ni abúlé, èyí tí wọ́n ń pè ní excision, gàsẹ́ẹ̀tì ló fi ń kéde rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ abúlé, iye hẹ́kítà àti ààlà. Ààlà yẹn ni kí ẹ kà ju orúkọ lọ. Bí ìjọba bá yọ hẹ́kítà 10 sílẹ̀, tí àwọn kan sì ń ta ìkọkànlá, gàsẹ́ẹ̀tì abúlé náà jẹ́ òótọ́, ilẹ̀ tí wọ́n tà fún yín kò sì sí nínú rẹ̀. Ilé ìkàwé á fi ìwé hàn yín. Sọ́fíyọ̀ ni yóò gbé sọ́fè ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Alausa láti mọ̀ bóyá inú ààlà ló bọ́ sí. Ẹ má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Ìwé ìkànìyàn tún kàn wá. Gàsẹ́ẹ̀tì àpapọ̀ ti oṣù Kejì ọdún 2009 ló gbé èsì ìkànìyàn 2006 jáde: 665,393 ni wọ́n kà ní Kòṣọ́fẹ́. Ìjọba Èkó, tó ṣe ìkànìyàn tirẹ̀ lọ́dún kan náà, ní 934,614 ni. Fún gbogbo ìpínlẹ̀, 9,113,605 ni ti àpapọ̀, 17,552,942 ni ti Èkó. Ìwé ìjọba ni méjèèjì. Ẹni tó bá ka ọ̀kan ṣoṣo yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, bẹ́ẹ̀ àríyànjiyàn náà kan owó tí wọ́n ń pín láti Abuja, torí iye èèyàn wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín in.

Ẹ tún ṣí Àfikún Kìíní sí Ìwé Òfin 1999. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni wọ́n kọ sí abẹ́ Èkó, Kòṣọ́fẹ́ sì wà níbẹ̀. Ẹ ò ní rí Ikosi-Isheri, kánsù tí Ìṣẹrì Olówóra wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wà lára kánsù 37 tí ìjọba Tinubu dá sílẹ̀ ní 2003, nígbà tó jẹ́ gómìnà Èkó, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì sọ ní oṣù Kejìlá 2004 pé òfin tó dá wọn sílẹ̀ tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò tíì lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ àfi tí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ bá ṣe tiwọn.

Bí ọdún bá ti ń bẹ̀rẹ̀, ìwé méjì wà tí ilé tó sún mọ́ Odò Ògùn kò gbọdọ̀ fojú fò. NiMet, iléeṣẹ́ tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́, ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde, ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró. NIHSA, iléeṣẹ́ tó ń ṣọ́ omi, ti ń gbé Annual Flood Outlook jáde láti 2013, lẹ́yìn omíyalé ńlá ti 2012, ó sì máa ń dárúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ewu wà fún. Dáàmù Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983 lápá Abẹ́òkúta, ń da omi sínú Odò Ògùn. Bí ó bá kún tí wọ́n sì ṣí i, ọ̀dọ̀ wa nísàlẹ̀ ni omi náà ń bọ̀, ní Ìṣẹrì, Mile 12 àti Àgbóyì. Ìwé tó lè sọ fún ìyá ọlọ́jà ìgbà tó yẹ kó gbé àpò ìrẹsì rẹ̀ kúrò nílẹ̀ kò yẹ kó máa gba eruku lórí pẹpẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn lè béèrè àbá ètò ẹ̀kọ́ tí S. O. Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé síwájú ilé aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn ní 1952, èyí tó bí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955, tàbí ìròyìn Ìgbìmọ̀ Coker ti 1962, tó wádìí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn.

Kì í ṣe gbogbo iléeṣẹ́ ló ń fi ìwé wọn ránṣẹ́ bí òfin ṣe wí, inú mi kò sì dùn sí i. Bí ẹ bá dé ilé ìkàwé tí ẹ kò rí ohun tí ẹ ń wá, ẹ lo òfin òmìnira ìròyìn tí Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún 2011. Kò pọn dandan kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ọjọ́ 7 ni iléeṣẹ́ náà ní láti dáhùn, ó sì lè fi 7 mìíràn kún un bí ìdí bá wà. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọjọ́ 30 láti lọ sí ilé ẹjọ́. Ní oṣù Kẹrin 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé òfin náà de ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ lè fẹnu sọ ohun tó fẹ́, òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ ni òfin ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.