Ìgé, Àwọ̀ àti Mímọ́: Ṣíṣa Òkúta Iyebíye, láti Orí Lántànà Ìlọrin dé Orí Dáyámọ́ńdì

Ní agbègbè Ẹ̀rìn-Ilé àti Ọ̀fà tí a ti wá, ìlẹ̀kẹ̀ ni àwọn àgbà mọ̀ ọ́n ṣà. Ṣùgbọ́n òrùka olókùúta ti wọ inú ètò ìgbéyàwó báyìí, ọkọ ìyàwó tí kò mọ ohun tí ó ń rà a sì máa kó owó tí ó fi ọdún púpọ̀ tù jọ lé òǹtajà lọ́wọ́, lórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò yé e: ìgé, àwọ̀ àti mímọ́. Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó jẹ́ olórí nígbà gbogbo. Ohun tí òkúta ń ṣe sí ìmọ́lẹ̀ ni ó ń pinnu èyí tí owó yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ sí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Lántànà ni ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí a fi òkúta líle tí àwọn onímọ̀ ń pè ní jasper ṣe. Kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú iyùn tí ó ti inú òkun wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pe méjèèjì ní iyùn. Ìlọrin ni a mọ iṣẹ́ náà mọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìtàn sì so ó mọ́ Ọ̀yọ́-Ilé, tí àwọn ará ibẹ̀ fọ́n ká nígbà tí ìlú náà tú. Oníṣẹ́ a kọ́kọ́ gbẹ́ òkúta sí ìwọ̀n, a lu ihò sí i, a sì wá máa yí i lórí òkúta mìíràn títí yóò fi dán. Nígbà tí ó di ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń kó wọlé láti Yúróòpù ti ń gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́. Idar-Oberstein ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń pa òkúta láró kí ó lè pọ́n, wà lára ibi tí a ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ fún ọjà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Kí ni ẹni tí ó ń ra lántànà ń wò? Àwọ̀ ni. Jasper kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Ìmọ́lẹ̀ a bà lé ara rẹ̀, a sì gbé pupa tí ó bá níbẹ̀ padà wá sójú wa. Pupa tí ó ki, tí ó sì dọ́gba jákèjádò okùn, ni iyì rẹ̀. Mímọ́ níhìn-ín kò túmọ̀ sí pé a lè rí òdìkejì. Ó túmọ̀ sí pé ìlà àwọ̀ mìíràn kò gba ara rẹ̀ kọjá. Ìgé ni ó kẹ́yìn: kí ìlẹ̀kẹ̀ dọ́gba, kí ó dán, kí etí ihò má sì mú, nítorí ihò tí etí rẹ̀ mú ni í já okùn.

Bí a bá gbé òṣùwọ̀n yìí bí ó ti rí lọ bá dáyámọ́ńdì, a ó ṣìnà. Ìmọ́lẹ̀ a máa wọ inú dáyámọ́ńdì, a tẹ̀, a fi ara gbá ògiri ìsàlẹ̀, kí ó tó padà gba òkè jáde. Òǹkà tí a fi ń wọn bí ó ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ jẹ́ 2.42, nígbà tí ti gíláàsì fèrèsé jẹ́ nǹkan bí 1.5. Ní 1919, Marcel Tolkowsky ṣe ìṣirò igun tí ó yẹ òkúta roboto: dígírì 40.75 fún ìsàlẹ̀, 34.5 fún òkè. Bí ìsàlẹ̀ bá tẹ́ jù, ìmọ́lẹ̀ a jò gba ìdí lọ bí omi inú ajere. Bí ó bá jìn jù, a gba ẹ̀gbẹ́ jáde, àárín òkúta a sì ṣókùnkùn. Àwọ̀ dáradára kò lè gba irú òkúta bẹ́ẹ̀ là.

Ìdí tí wọ́n fi ń gé e jìn jù kò fara sin. Káráàtì ni a fi ń tà á, káráàtì kan sì jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún gíráàmù. Ohun tí agékùúta bá gé dànù, owó ni. Ó lè fi ìwúwo pamọ́ sí ìdí òkúta níbi tí ojú oníbàárà kò dé, kí oníbàárà sì san owó ohun tí kò ní rí láéláé.

Ní ti àwọ̀, láti 1953 ni Gemological Institute of America ti ń lo lẹ́tà D dé Z. D kò ní àwọ̀ rárá; bí a ti ń súnmọ́ Z ni ó ń rí rúsúrúsú, náítírójìn ni ó sì sábà máa ń fà á. Ìṣòro èdè kan wà níhìn-ín tí ó kan ẹ̀ka ìmọ̀ wa. Funfun, dúdú àti pupa ni orúkọ àwọ̀ ìpìlẹ̀ ní Yorùbá. Bí a bá pe òkúta D ní funfun, olùgbọ́ lè rò pé bí ẹfun ni ó rí, bẹ́ẹ̀ omi ni ó jọ. Bí a bá sì pe èyí tí ó súnmọ́ Z ní pupa, ẹni tí ó mọ lántànà yóò rẹ́rìn-ín. A dábàá aláìláwọ̀ àti rúsúrúsú. Ẹ̀yin olùkọ́ wa lè ní èyí tí ó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn kò ní ìyàtọ̀ tí ojú lásán lè tètè rí, pàápàá bí a bá lẹ òkúta mọ́ wúrà pupa, ṣùgbọ́n iye owó wọn kì í dọ́gba.

Ipele mọ́kànlá ni mímọ́ ní, awò tí ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá ni a sì fi ń wò ó. Ọ̀pọ̀ àbàwọ́n tí awò náà ń rí, ojú tí yóò máa wo òrùka lọ́wọ́ ìyàwó kò ní rí i.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Sàró lè dà bí ẹni tako èyí. Ní February 1972, wọ́n wa dáyámọ́ńdì kan tí ó tó káráàtì 968.9 ní àgbègbè Kono. Òun ni a ń pè ní Star of Sierra Leone. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gé e, wọ́n rí òkúta ńlá kan tí ó jẹ́ káráàtì 143.2 nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àbàwọ́n wà nínú rẹ̀, wọ́n sì tún un gé. Òkúta 17 ni ó ti inú odidi náà jáde níkẹyìn, 13 nínú wọn kò ní àbàwọ́n kankan, èyí tí ó tóbi jù sì jẹ́ káráàtì 53.96. Ìwúwo ni wọ́n fi ra mímọ́. Ní tiwa, ìṣirò oníṣòwò ni èyí, tí ó ń bá àwọn olówó ayé tajà. Kò yẹ kí ẹni tí ó ń wá òrùka ní Ọ̀fà fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìgé ni kí ó kọ́kọ́ náwó lé, kí ó má fi dù ú nítorí ìwúwo. Lẹ́yìn náà kí ó sọ àwọ̀ kalẹ̀ dé G tàbí H, kí ó sì sọ mímọ́ kalẹ̀ títí dé ibi tí ojú lásán kò fi ní rí àbàwọ́n, kí ó má sì san ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ó gbé òkúta kúrò lábẹ́ iná ìsọ̀, kí ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú ọ̀sán, kí ó wò ó bóyá àárín rẹ̀ ń dúdú. Bí ó bá jẹ́ òkúta onígun mẹ́rin tí wọ́n gé ojú rẹ̀ gbọọrọ gbọọrọ bí àtẹ̀gùn ni ó wù ú, kí ó mú owó díẹ̀ kúrò lórí àwọ̀ kún ti mímọ́. Ojú gbọọrọ dà bí fèrèsé tí a ṣí sílẹ̀. Kò ní ìtànṣán wẹ́wẹ́ tí ó lè bo àbàwọ́n mọ́lẹ̀. Irú ìgé yìí gan-an ni wọ́n fún òkúta Sàró tí ó jẹ́ káráàtì 143.2 ní ìgbà àkọ́kọ́.