Ọ̀sẹ̀ Tí Ooru Kò Rọlẹ̀ ní British Columbia

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2021, tẹmómítà ka 49.6°C ní Lytton, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ British Columbia. Kánádà kò rí irú rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kejì, iná jó èyí tó pọ̀ jù nínú ìlú náà, ìròyìn Lytton sì gba ayé kan. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ ohun tó pa ènìyàn 619 ní ìpínlẹ̀ náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ooru ọ̀sán yẹn nìkan kò lè sọ ọ́. Inú ilé ni ká wò, lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú.

Láti nǹkan bí ọjọ́ 25 ni afẹ́fẹ́ tó wúwo ti dúró gbọin lórí ìwọ̀ oòrùn Kánádà àti Amẹ́ríkà. Irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń rọ̀ wálẹ̀ láti òkè, bó ṣe ń rọ̀ wálẹ̀ ló ń fún pọ̀, bó sì ṣe ń fún pọ̀ ló ń gbóná sí i. Ẹni tó bá ti fi pọ́ǹpù fẹ́ atẹ́gùn sínú táyà kẹ̀kẹ́ mọ bí ìdí pọ́ǹpù ṣe ń jóni lọ́wọ́. Ìkùukùu kò ráyè kó jọ, àsìkò yẹn gan-an sì ni ọ̀sán gùn jù lọ́dún níbẹ̀. Lytton ti kan 46.6 ní ọjọ́ 27 àti 47.9 ní ọjọ́ 28. Portland ní Amẹ́ríkà, ìlú tí a mọ̀ mọ́ òjò, dé 46.7. Ilé ń mu ooru yìí sára lójoojúmọ́, kò sì ráyè tutù kí ilẹ̀ tó mọ́, àgbàlagbà tó yẹ kó fi oorun sinmi wá ń bá a yí mọ́jú. Ìwádìí ọ́fíìsì tó ń tọpinpin ikú níbẹ̀ fi èyí hàn: nínú 100 tó kú, 98 ló jẹ́ pé inú ilé ni ooru ti mú wọn, 67 ti pé ẹni 70 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ju ìdajì lọ tó ń dá gbé. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní ẹ̀rọ amúlétutù.

Ará Sókótó tàbí Màídúgùrì lè rẹ́rìn-ín pé ṣé torí ooru lẹ ṣe ń pariwo. Ara máa ń kọ́ ooru, ṣùgbọ́n ó ń gba ọjọ́ púpọ̀, àwọn tí à ń sọ yìí kò sì rí ọjọ́ kankan fi kọ́ ọ. Ilé wọn náà, ìgbà òtútù ni wọ́n kọ́ ọ dè, kí ooru má bàa jáde. (Ní Sókótó pàápàá, ta ló ń ka àwọn tí ooru ń pa?)

Àwọn mìíràn á ní ooru ti wà tipẹ́. Lóòótọ́, Kánádà ti rí 45.0 lọ́dún 1937. Ọdún 84 ni nọ́ńbà yẹn fi dúró, ó sì wọ́pọ̀ kí a fi díẹ̀ bín-ín-tín ré irú rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ìwọ̀n 4.6 ni Lytton fi ré e kọjá. Àwọn onímọ̀ World Weather Attribution ṣírò pé láìsí àyípadà ojú ọjọ́ tí ènìyàn fà, irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè wáyé, àti pé ìwọ̀n bí 2 ni àyípadà náà fi kún ooru rẹ̀.

Bí a bá wá ní kí irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ ní amúlétutù, àtakò tó lágbára jù ni pé iná mànàmáná tó ń jẹ ń dá kún èéfín tó fa ooru. Bẹ́ẹ̀ ni, níbi tí èédú tàbí gáàsì ti ń ṣe iná. Odò ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iná British Columbia. Lọ́dún 2023 ni ìjọba ibẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tówó ò tó lọ́wọ́ wọn ní ẹ̀rọ náà lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò sì rí àléébù nínú rẹ̀ ju pé ó pẹ́ lọ.