Ṣé O Mọ̀? Kọ́ọ̀sì Kan Péré Lè Dá Ọ Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Ẹ̀kọ́ Okòwò

Ní 2017, GAO, àjọ tó ń bá àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà yẹ iṣẹ́ ìjọba wò, gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde. Ṣé o mọ ohun tí wọ́n rí? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe tiránsífà láti ilé ẹ̀kọ́ gíga kan sí òmíràn láàárín 2004 sí 2009 pàdánù nǹkan bí 43% kírẹ́dítì wọn. Wọ́n ti sanwó, wọ́n ti fi òru kàwé, wọ́n ti yege, ibi tí wọ́n ń lọ kò sì kà á sí. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, torí ọ̀pọ̀ wọn ni ìbá ti bọ́ lọ́wọ́ àdánù yẹn bí wọ́n bá ti tètè wo ìwé yunifásítì tí wọ́n ń lọ kí wọ́n tó yan kọ́ọ̀sì níbi tí wọ́n wà.

Ṣé o mọ̀ pé yunifásítì lè gba kọ́ọ̀sì rẹ, kó sì tún ní kí o lọ ṣe tòun? Ó lè ka marketing tí o ṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì mọ́ àpapọ̀ kírẹ́dítì rẹ lásán. Ọdún kẹta àti ìkẹrin ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ti ń kọ́ni ní marketing àti management, kọ́ọ̀sì ọdún kìíní tàbí ìkejì kì í sì í dípò wọn. Ohun tí wọ́n sábà máa ń fẹ́ kí o ti ṣe tán kò pọ̀: ìmọ̀ ìṣirò owó méjì, ètò ọrọ̀ ajé méjì, calculus, statistics, àti kíkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìwọ̀nyí ni àṣeṣáájú. Kírẹ́dítì rẹ lè kún àpò, bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣẹ́kù, ó ṣẹ́kù náà ni.

Ṣé o mọ̀ pé àṣeṣáájú ní gbèdéke tirẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà? Wo Haas, ilé ẹ̀kọ́ okòwò Yunifásítì California ní Berkeley. Ọdún 1898 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Kò sí yunifásítì ìjọba kankan ní Amẹ́ríkà tí ilé ẹ̀kọ́ okòwò tirẹ̀ dàgbà jù ú lọ. Lásìkò Oṣù Kẹwàá sí Oṣù Kọkànlá ni akẹ́kọ̀ọ́ ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, fún ìwọlé ọdún tó ń bọ̀. Bí kọ́ọ̀sì kan bá kù lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, àyè ṣì wà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ parí gbogbo àṣeṣáájú rẹ̀ kí sáà ìrúwé tó ṣáájú ìwọlé tó tán. Èyí tó bá sún sí sọ́mà ti pẹ́ jù.

Ka sáà náà padà sẹ́yìn fúnra rẹ. Ẹni tí ìṣirò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti precalculus kò lè fo calculus àkọ́kọ́ lọ sí ìkejì. Bó bá jẹ́ méjèèjì ni ibi tó ń lọ fẹ́, sáà mẹ́ta ti lọ nìyẹn, láìtíì ka èyí tó lè fìdí rẹmi níbẹ̀. Ìmọ̀ ìṣirò owó náà ń tò tẹ̀léra: financial accounting ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún managerial. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹni tó bá wà ní sáà àkọ́kọ́ pé kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣirò. Kọ́ọ̀sì ìtàn àti orin lè dúró dè é.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni ìwé tó tú àṣírí gbogbo èyí ní California? ASSIST ni orúkọ rẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà. Mú kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ, mú yunifásítì ìjọba tó wù ọ́, mú ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Kọ́ọ̀sì yunifásítì á jókòó sápá òsì, ti kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ á jókòó sápá ọ̀tún, ọfà kan á sì so wọ́n pọ̀. Nígbà mìíràn, gbólóhùn kan ni wàá bá lápá ọ̀tún: "No Course Articulated." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kọ́lẹ́ẹ̀jì tìrẹ kò ní kọ́ọ̀sì tí wọ́n fọwọ́ sí pé ó bá a dọ́gba. Má sọ̀rètí nù. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò kejì lè ní in, o sì lè lọ ṣe ẹyọ kan yẹn níbẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú 116 ló wà ní California, kálukú ló sì ń fún kọ́ọ̀sì ní nọ́ńbà tó wù ú. Òfin kan tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2021 ló ń tún èyí ṣe. Bí o bá rí ENGL C1000 tàbí STAT C1000, lẹ́tà C yẹn ń sọ fún ọ pé nọ́ńbà àjọlò ni.

Florida ti ṣe tiwọn tipẹ́. MAC 2233 ni calculus fún okòwò, ACG 2021 àti ACG 2071 ni ìmọ̀ ìṣirò owó, STA 2023 ni statistics. Ibikíbi tó o bá ti ṣe wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba Florida, nọ́ńbà kan náà ni.

Ẹ̀yin ará wa ní Houston, ẹ fetí sí èyí. Ní Texas, ECON 2301 ni macroeconomics, 2302 ni microeconomics. Nínú C-ID, ètò nọ́ńbà tí California fi ń so àwọn kọ́ọ̀sì tó jọra pọ̀, ECON 201 ni micro, 202 ni macro! Ẹni tó ń kó láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì, orúkọ kọ́ọ̀sì àti ohun tí wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀ ni kó mú dání, kó má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà.

Orúkọ oyè náà máa ń yàtọ̀. Ṣé o mọ̀ pé UCLA, Yunifásítì California ní Los Angeles, kò ní oyè àkọ́kọ́ nínú Business Administration? Business Economics ni wọ́n ní, òun sì ni wàá mú ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ lórí ASSIST.

Ọmọ tó ti Nàìjíríà dé ńkọ́? Nílé, ND tó dára lè gbé e wọ ọdún kejì gba ọ̀nà Direct Entry ti JAMB. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tú kọ́ọ̀sì rẹ̀ wò. Àwọn àjọ bíi WES, tó ti wà láti 1974, máa ń kọ ìròyìn tó to kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, máàkì rẹ̀ àti kírẹ́dítì rẹ̀, ṣùgbọ́n yunifásítì ló ń pinnu èyí tó bá àṣeṣáájú tirẹ̀ mu. Course outline tí olùkọ́ pín ní kíláàsì ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ ọmọ náà. Ẹ bá mi sọ fún àbúrò yín ní Yabatech kó má fi wé mọ́ọ̀nmọ́ọ̀n.

Níbikíbi tó o bá ti ṣe àṣeṣáájú, máàkì rẹ̀ náà ṣe pàtàkì: ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ okòwò kì í gba C-, wọn kì í sì í fẹ́ kọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ "Pass" sí lásán.

Ṣé o mọ̀, lákòótán, pé 70 yúnìtì (ìyẹn kírẹ́dítì) sẹ̀mẹ́sítà péré ni UC, ìyẹn Yunifásítì California, lè kà fún ọ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì? Ẹ̀rù máa ń ba ẹni tó ti kọjá iye yẹn láti tún lọ ṣe statistics tó kù. Kó lọ ṣe é. Yúnìtì tó lé lórí 70 kò ní wọ inú àròpọ̀ oyè rẹ̀, ṣùgbọ́n UC á ṣì ka kọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ sí àṣeṣáájú tó ti ṣe.