Ṣé o mọ̀? Iṣẹ́ etí méjì

Ṣé o mọ̀ pé etí méjèèjì la fi ń mọ ibi tí ìró ti ń bọ̀? Etí tó sún mọ́ ọn ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹni tí etí rẹ̀ kan ti di yóò gbọ́ fèrè ọ̀kadà ní Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ó lè má mọ apá ibi tó wà. Ojú ni kó fi wá a kó tó sọdá. Ìyá aláta l'Ọjà'ba tí etí rẹ̀ kan di, kó kọ etí tó ń gbọ́ sí oníbàárà, kí ògiri wà lápá kejì. Bó o bá kí i tí kò dáhùn, má pè é ní agbéraga. Bọ́ síwájú rẹ̀. Bí etí kan bá ṣàdédé di, má ro epo sí i. Gba ilé ìwòsàn UCH lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá pẹ́, ìtọ́jú lè má ràn án mọ́.