Ẹ̀gàn Akọ̀wé Kan ní Róòmù Ló Bí Erasmus

Ọdún 1958 ni Sofia Corradi ti New York padà sí Róòmù, ìlú tí wọ́n bí i sí. Ìmọ̀ òfin ló ń kà ní Yunifásítì Sapienza kó tó rí sọ́kọ́láṣíìpù Fulbright gbà, tó sì lọ ka másítàsì ní Columbia. Ohun tó kù kò ju pé kí wọ́n ka iṣẹ́ tó ṣe lọ́hùn-ún mọ́ èyí tó ti ṣe sílẹ̀ nílé, kó lè gba dìgírì Ítálì tirẹ̀. Ló bá kó ìwé rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Bó ṣe máa ń ròyìn rẹ̀ títí ó fi darúgbó, akọ̀wé tó bá níbẹ̀ fi í ṣẹ̀sín lójú àwọn èèyàn: òun ò gbọ́ Columbia rí, kí ọmọ náà yé gbafẹ́ kiri Amẹ́ríkà, kó padà sídìí ìwé rẹ̀.

Ó padà sídìí ìwé lóòótọ́, nítorí kò sọ́nà míì tó fi lè gba dìgírì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rò ó wò: ohun tó lọ kọ́ ní Columbia gan-an ni bí òfin yunifásítì orílẹ̀-èdè kan ṣe jọ ti òmíràn àti bó ṣe yàtọ̀ sí i. Bóyá ni ẹlòmíì wà ní Róòmù nígbà náà tó mọ ìdí tí wọ́n fi lé e padà tó o.

Sọ́kọ́láṣíìpù tó gbé e lọ pàápàá, ọwọ́ ẹni tó ti jáde nílé rí ló ti wá. J. William Fulbright, sẹ́nétọ̀ láti Arkansas, ti kàwé ní Oxford nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ẹrù ogun Amẹ́ríkà tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ òkèèrè pọ̀ jọjọ. Òfin tí Fulbright gbé kalẹ̀ lọ́dún 1946 ní kí wọ́n ta ẹrù náà, kí wọ́n sì fi owó rẹ̀ rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sórílẹ̀-èdè ara wọn. Owó lè gbé ọmọ dé New York, àmọ́ òfin Amẹ́ríkà kò lè pàṣẹ fún yunifásítì kankan ní Ítálì pé kó ka iṣẹ́ ọmọ náà sí nígbà tó bá dé.

Mi ò sọ pé kí ilé-ìwé máa tẹ́wọ́ gba ìwé-ẹ̀rí láìyẹ̀ ẹ́ wò. Àwa náà rí i níhìn-ín: ní ìparí ọdún 2023, akọ̀ròyìn kan fi hàn bí òun ṣe gba dìgírì ní Kútọnu láàárín ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀. Kíá ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dáwọ́ gbígba ìwé-ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró. Ohun tó dùn mí nínú rẹ̀ ni pé bí kò bá ti sí àdéhùn nílẹ̀ ṣáájú, ẹni tó kàwé àti ẹni tó ra ìwé-ẹ̀rí á jọ dúró níwájú akọ̀wé kan náà, ojú kan náà ni yóò sì fi wo àwọn méjèèjì.

Ibi tí Corradi ti fẹ́ yanjú rẹ̀ gan-an nìyẹn. Iṣẹ́ sọ ọ́ di olùdámọ̀ràn fún àpéjọ àwọn ọ̀gá àgbà yunifásítì Ítálì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èrò rẹ̀ lọ̀ wọ́n. Ní 1969, ó kọ ọ́ sílẹ̀: kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe apá kan ẹ̀kọ́ rẹ̀ lókè òkun, kí ilé-ìwé rẹ̀ yẹ àwọn kọ́ọ̀sì náà wò kó tó lọ, bí wọ́n bá sì ti fọwọ́ sí i, kí wọ́n kà á fún un nígbà tó bá dé. Nínú gbogbo ohun tó ṣe láyé, èyí ni mo kà sí pàtàkì jù. Ó mú ìpinnu kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jókòó sẹ́yìn káńtà, ó fi lé àwọn olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ náà lọ́wọ́.

Kò tètè yọrí. Ní 1976, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ètò kékeré kan tó so ẹ̀ka yunifásítì kan pọ̀ mọ́ òmíràn. Corradi nìkan kọ́ ló jà á dé òpin: Domenico Lenarduzzi, ọmọ Ítálì ẹgbẹ́ rẹ̀, ń ti ọ̀rọ̀ náà ní Brussels, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì dìde láti tì í lẹ́yìn. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹfà ọdún 1987 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fọwọ́ sí ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kàwé lókè òkun yìí, wọ́n sì fi orúkọ Erasmus ará Rotterdam sọ ọ́, ọ̀mọ̀wé ayé àtijọ́ tó rìn láti Paris dé Leuven àti Cambridge. Akẹ́kọ̀ọ́ 3,244 láti orílẹ̀-èdè 11 ló lọ lọ́dún yẹn.

Ìṣirò ló wá kù. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ fi kíláàsì kan ní Sípéènì wé òmíràn ní Jámánì? Láti 1989 ni wọ́n ti ń dán ìlànà kan wò, tó fún ọdún ẹ̀kọ́ kan ní 60 yúníìtì. Kì í ṣe wákàtí tí olùkọ́ fi sọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n ń kà. Ìwé kíkà nílé, iṣẹ́ àṣetiléwá àti ìdánwò wà nínú rẹ̀: yúníìtì kan dúró fún iṣẹ́ wákàtí 25 sí 30. Lónìí, àwọn tó ti gba ọ̀nà Erasmus kọjá ti ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ dáadáa.

Corradi di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ètò ẹ̀kọ́ ní Róòmù, àwọn ará Ítálì sì ń pè é ní Màmá Erasmus. Ó kú lóṣù kẹwàá ọdún 2025, ẹni ọdún 91. Nígbà náà, ètò rẹ̀ ti kọjá Yúróòpù: akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Nàìjíríà tí ilé-ìwé rẹ̀ bá ní àdéhùn pẹ̀lú ti ọ̀hún lè lọ ṣe sẹ̀mẹ́sítà kan níbẹ̀. Kó tó wọ bàálù, wọ́n á ti kọ orúkọ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan àti iye yúníìtì rẹ̀ sínú ìwé àdéhùn, òun náà, ẹ̀ka rẹ̀ nílé àti ẹ̀ka tó ń lọ á sì ti fọwọ́ sí i.