Mínísítà ti kúrò nítòsí: kí ni aṣojú Warri lè béèrè l'Abuja?

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro, ọmọ Uromi tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ékòó. Kì í ṣe mínísítà. Àbá tó gbé wá ni pé kí Nàìjíríà gba òmìnira lọ́dún 1956. Àwọn tó pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ mínísítà ti pinnu pé mínísítà kankan kò gbọdọ̀ dá sí i. Àwọn mẹ́rin tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ Action Group kò gbà: Ọọ̀ni Adesoji Aderemi, Bode Thomas, S. L. Akintola àti Arthur Prest, ọmọ Warri. Wọ́n kọ̀wé fipò sílẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti pe àwọn olóṣèlú wa sí Lọ́ńdọ̀nù láti tún òfin ìlú gbé yẹ̀ wò.

Ẹnu ọmọ ilé kan tí kò di ipò kankan mú ló dá gbogbo èyí sílẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ti kọ́ àṣà kí ọmọ ilé máa dìde bi ìjọba léèrè. Títí dòní, gbogbo ọjọ́rú tí ilé wọn bá ń jókòó ni àwọn ọmọ ilé máa ń da ìbéèrè bo olóòtú ìjọba fún ìlàjì wákàtí, àwọn mínísítà yòókù náà sì ń gbà á yípo. Wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n ń pè ní Hansard. Nígbà ìjọba olómìnira àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló rí l'Ékòó. Festus Okotie-Eboh, tí Warri dìbò fún lọ́dún 1954, tó sì di mínísítà ètò ìnáwó lọ́dún 1957, àárín àwọn tó ń bi í léèrè ló ń jókòó sí títí wọ́n fi pa á ní oṣù Kìíní ọdún 1966.

Òfin ìlú ti ọdún 1979 ló yí i padà. Lábẹ́ èyí tí a ń lò báyìí náà, aṣòfin tó bá di mínísítà gbọ́dọ̀ fi àga rẹ̀ sílẹ̀. Abala 67 gba ilé láàyè láti pe mínísítà wá ṣàlàyé, abala 88 sì fún wọn lágbára ìwádìí. Ṣùgbọ́n aṣojú Warri North, Warri South àti Warri South West, ẹnìkan ṣoṣo láàárín aṣojú 360, àbá ló máa gbé kalẹ̀; ilé á fọwọ́ sí i, á bọ́ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kékeré, ìpinnu náà kò sì de ìjọba lọ́wọ́.

Ibí yìí ló ń dùn mí. Ilé ìfọpo Warri tó wà l'Ekpan ti wà láti ọdún 1978. NNPC kéde ní òpin ọdún 2024 pé ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò pé oṣù kan tó tún dákẹ́. Ìbéèrè tó yẹ kí mínísítà dìde dáhùn lójú gbogbo ayé lọ́sẹ̀ yẹn nìyẹn. Ó yẹ kí ilé méjèèjì l'Abuja ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún irú rẹ̀. Òfin kò dí wọn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ará Warri, bí aṣojú yín bá wálé, ẹ má béèrè ìrẹsì àti kẹ̀kẹ́ nìkan. Ẹ bi í léèrè ohun tó sọ nílé, àti èsì tí wọ́n fún un.