Èèwọ̀ Ló Dáàbò Bo Igbó Ọ̀ṣun

Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ Òṣogbo fi yé ni pé orí igi ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Lárooyè, Tìmẹ́hìn ọdẹ àti àwọn ènìyàn wọn dé etí odò, igi tí wọ́n gé wó sínú omi, ó fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun, òòṣà sì figbe ta. Májẹ̀mú dé láàrin odò àti ìlú: a kì í gé igi, a kì í dẹ̀gbẹ́, a kì í pẹja nínú igbó náà.

Èèwọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Igbó náà kò ju nǹkan bí hẹ́kítà 75 lọ, síbẹ̀ irú ewéko tó lé ní 400 ló wà níbẹ̀, èyí tó lé ní 200 nínú wọn sì jẹ́ egbòogi. Níbòmíràn, igbó ti di oko àti ilé. Ewé tí adáhunṣe ń já nítòsí ti di àwátì. Bí òjò bá sì pọ̀ tí Ọ̀ṣun kún àkúnya, gbòǹgbò igi etí odò ní í di ilẹ̀ mú.

Nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960, wọ́n gé lára igi náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ òkúta níbẹ̀, kí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn aworo tó dìde. Ìjọba dáàbò bò ó lọ́dún 1965. UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2005.

Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tó. Ọmọ tí a kò kọ́ ní orúkọ ewé, igbó lásán ni yóò pè é, àdá ni yóò sì yọ sí i.